Iṣan Yín Ló Rẹ̀

"Sọ fún wọn pé kò sí oògùn tó lè wò ó sàn," ni dókítà wí. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì ń retí kí Yusrah sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun á padà dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìṣirò lọ́sàn-án. Ó wo dókítà, obìnrin òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò rí oorun sùn. Ó wo ọpọlọ oníke tó wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ògóóró ẹ̀yìn tí wọ́n so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ó wá wo bàbá rẹ̀, Tàjùdéèn, tó wọ jálábíà Jímọ̀ rẹ̀ wá sí ọsibítù, tó jókòó ṣinṣin, àti ìyá rẹ̀, Mùínàt, tó di báàgì rẹ̀ mú mọ́ àyà. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn méjèèjì tẹjú mọ́.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Kò yẹ kó jẹ́ òun rárá. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni wọ́n ti kọ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọwọ́ Yusrah ló sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá aláìsàn fẹ́ ògbufọ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀, obìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òun kò rí orúkọ ògbufọ̀ kankan. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ dúró de ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sí i ni àyè tún ṣí. Ó wá yíjú sí Yusrah, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ mà dára o. Ìwọ lè bá wọn ṣe é, àbí?"

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Ta ló fẹ́ dúró, nígbà tí ahọ́n ọkùnrin náà ń wúwo sí i lójoojúmọ́? Garáàjì bọ́ọ̀sì ni Tàjùdéèn ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ló ń fọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni gbogbo Peckham fi mọ̀ ọ́n. Òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lókè ilé ìtajà kan nítòsí Rye Lane. Bó bá ti pe ìrun, àwọn tó ń ra ẹran nísàlẹ̀ á dúró gbọ́ ọ ná. Láti ìgbà ooru ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ eyín. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ààfáà Habeebullah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ lèmọ́ọ̀mù, rọra gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Tàjùdéèn kò bínú. Ó dé ilé, ó wọ yàrá, ó sì jókòó sórí àkéte tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń kí awakọ̀, tó fi ń gbọ́ àṣẹ ọ̀gá, tó fi ń ra ẹran. Ìdí nìyẹn tó fi fọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ní, "Yu'ah á ṣe é. Ọmọ mi mọ̀wé." Lẹ́tà méjì ti ń sọnù nínú orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọmọ.

Dókítà ti ṣàlàyé o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, kò sì yára. Ó fi ìka tọ ọpọlọ oníke náà, ó fi ìka náà sọ̀ kalẹ̀ gba inú ògóóró ẹ̀yìn. Ó ní àwọn iṣan tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ bá ẹran ara: gbé ẹsẹ̀, di nǹkan mú, gbé oúnjẹ mì, mí. Ó ní àwọn iṣan wọ̀nyẹn ló ń kú lára Tàjùdéèn, wọn kì í sì í jí padà. Ti ahọ́n àti ọ̀fun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó máa dé ọwọ́, ó máa dé ẹsẹ̀, ó sì máa dé èyí tó ń bá èèyàn mí. Motor neurone disease lorúkọ rẹ̀. Ọdún kan, ó lè jẹ́ méjì, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí èyí tí kò yé Yusrah níbẹ̀. Òun ló gba máàkì jù ní kíláàsì báyọ́lọ́jì. Bí ẹ bá ní kó di ojú, á ya irú iṣan bẹ́ẹ̀ fún yín láti orí dé ìrù, á sì kọ orúkọ sí gbogbo ibi tó yẹ. Ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Yorùbá tirẹ̀, Yorùbá ilé ìdáná ni: wá jẹun, ṣé o ti kírun, ta ló fi iná sílẹ̀ báyìí. Kódà, bó bá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, báwo lọmọ ṣe máa jókòó síwájú bàbá rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, kó la ẹnu sọ fún un pé ó máa kú?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ kú ní Ìwó. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n pè láti ilé pé ara Màmá ò yá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní wọ́n ti gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kẹta ni Ààfáà Habeebullah àti àgbààgbà mẹ́rin wọlé dé, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n kọ́kọ́ bi bàbá rẹ̀ léèrè iṣẹ́, tí wọ́n ka Kùránì díẹ̀, kí Ààfáà tó tú u fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, Yusrah gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ lórí fóònù pé, "Wọ́n ṣe é dáadáa. Ká ní wọ́n là á mọ́ mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà ni, ǹ bá ti ṣubú lulẹ̀."

Nítorí náà ó pinnu níbi tó jókòó sí. Lónìí, díẹ̀. Nígbà mìíràn, díẹ̀ sí i. Tó bá yá, àgbà kan á sọ ìyókù.

"Wọ́n ní..." Ó tún wo ọpọlọ oníke náà. "Wọ́n ní iṣan yín ló rẹ̀, Daddy. Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ wá láti ọpọlọ. That's why ẹnu yín wúwo."

"Ó rẹ̀ ẹ́?" Mùínàt mí kanlẹ̀, báàgì bọ́ sílẹ̀ láyà rẹ̀. "Alihamudulilai! Mi ò ti sọ? Mi ò ti sọ, Bàbá Yusrah? Iṣẹ́ garáàjì yẹn! Èèyàn á dúró nínú omi tútù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni kò ní rẹ iṣan?"

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín. Ó fẹ̀rẹ̀ẹ́ má rẹ́rìn-ín láti oṣù méjì, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń nu itọ́ tó ń yọ létí ẹnu rẹ̀. "Wọ́n á fún mi lóògùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n á fún yín lóògùn." Irọ́ kọ́, oògùn kan wà lóòótọ́ tó máa fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

"Ṣé ó yé wọn?" ni dókítà béèrè.

"Yeah," ni Yusrah wí. "Ó yé wọn."

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ fún tó ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò wá ta obìnrin yẹn lólobó? Ó wo aago. Ó ní ó ku ohun kan, ó sì ṣe pàtàkì. Ọ̀fun Tàjùdéèn kò ní lè gbé oúnjẹ mì tó bá yá. Àwọn lè fi rọ́bà kékeré kan sí ikùn rẹ̀ tí oúnjẹ á máa gbà wọlé, àmọ́ àsìkò yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, nígbà tí mímí rẹ̀ ṣì lágbára. Bó bá pẹ́, kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ṣé ó fẹ́ ẹ?

Yusrah gbé e yẹ̀ wò. Bó bá sọ ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ṣe é kíákíá, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán nìyẹn.

"Wọ́n ní àwọn lè dá ihò sí ikùn yín, Daddy. Kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀. Wọ́n ní ṣé ẹ fẹ́?"

"Ihò kẹ̀?" Mùínàt pariwo. "Ẹni tó rẹ̀!"

"Ẹnu mi ńkọ́?" ni bàbá rẹ̀ wí, ọ̀rọ̀ ń fà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. "Sọ fún wọn pé wọ́n ṣeun. Mo jẹ iyán lánàá."

"Wọn ò fẹ́," Yusrah sọ fún dókítà.

Dókítà ní ó dájú? Yusrah ní ó dájú. Obìnrin náà bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó fún un ní ìwé pélébé kan, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, ó sì ní ọmọ dáadáa ni. Inú ìwé báyọ́lọ́jì ni Yusrah ki ìwé náà bọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà sílé, Mùínàt ti ń pe Ìwó. "Iṣan ló rẹ̀ ẹ́ o! Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o! Ẹ bá wa dúpẹ́." Láti ọjọ́ yẹn, ó ń fi òrí pa ọkọ rẹ̀ lọ́rùn láràárọ̀, ó sì ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó sinmi. Bí ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í já ṣíbí sílẹ̀, tí kò sì lè de bọ́tìnnì mọ́, obìnrin náà á ní, "Ẹ ò tíì sinmi tó ni."

Yusrah ń wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́. Ṣé ẹ rò pé ó jókòó lásán? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí mọ́ṣáláṣí láti bá Ààfáà Habeebullah. Lẹ́ẹ̀kíní, Ààfáà ti lọ sin òkú. Lẹ́ẹ̀kejì, èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró síwájú rẹ̀, Ààfáà ní, "Bàbá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó rẹ̀ wọ́n," ọmọ náà bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ní Daddy ní kóun wá kí wọn.

Ó wá pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé pélébé yẹn. Ó fẹ́ kí wọ́n wá sílé wá sọ ìyókù. Ó fẹ́ béèrè bóyá wọ́n ṣì lè fi rọ́bà yẹn sí i. Ẹni tó gbé fóònù béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òun kò lè bá ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa àìsàn aláìsàn, kí òbí rẹ̀ pè. Háà! Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó sọ ọ́, wọn ò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ó pinnu pé tí wọ́n bá padà lọ sí ọsibítù ní oṣù kìíní ọdún, òun á ní kí dókítà fúnra rẹ̀ wá ògbufọ̀. Ìwé kan dé lẹ́yìn Kérésìmesì: wọ́n ti sún ọjọ́ náà sí oṣù kẹta.

Ààwẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Mùínàt ní kí ọkọ òun má gbà á lọ́dún yìí, Tàjùdéèn fi orí kọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni mọ́ àfi Yusrah, nítorí náà òun náà ló tún ń túmọ̀ bàbá fún ìyá. "Mummy, wọ́n ní iṣan tó rẹ̀ kò sọ pé káwọn má gbààwẹ̀."

Ọjọ́ kọkànlá, oòrùn ti wọ̀, wọ́n jókòó ti tábìlì. Mùínàt gé dàbínù wẹ́wẹ́, ó fi omi rẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀. Tàjùdéèn ṣe bisimillah lọ́kàn, ó gbé omi sẹ́nu. Omi lásán ni o. Omi náà ṣìnà lọ́nà ọ̀fun, ọkùnrin náà kò sì lágbára tó lè fi wúkọ́ gbé e jáde. Ojú rẹ̀ ranko. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá etí tábìlì, kò rí i. Kí ọkọ̀ ọsibítù tó dé, Mùínàt ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ògbufọ̀ wá. Ìyáàfin Àìná lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tó fi káàdì kọ́ ọrùn. Dókítà tuntun, ọkùnrin, ló dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Tàjùdéèn wà lórí ibùsùn, wọ́n fi ohun ìmí bò ó ní imú àti ẹnu, ojú rẹ̀ là kedere.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ma," ni Ìyáàfin Àìná wí. "Ohun tí wọ́n bá wí gẹ́ẹ́ ni màá wí. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀."

Yusrah fara ti ògiri.

Ìyáàfin Àìná sì wí i. Yorùbá rẹ̀ ń dán bí ti akéde rédíò. Ó pe ọpọlọ, ó pe ògóóró ẹ̀yìn àti mùdùnmúdùn tó wà nínú rẹ̀, ó pe iṣan tó ń darí ẹran ara, èyí tó fi ń gbé nǹkan mì àti èyí tó fi ń mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yusrah kò ní lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn ló wà lẹ́nu obìnrin yìí. Ó ní wọ́n ti ń kú láti ọdún tó kọjá.

"Kú kẹ̀?" Mùínàt yí sí i. "Wọ́n ní ó rẹ̀ wọ́n ni."

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún dókítà. Dókítà wo kọ̀ǹpútà, ó fèsì, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ní wọ́n fi rọ́bà ìjẹun lọ Bàbá, Bàbá ní àwọn ò fẹ́. Rọ́bà yẹn ni oúnjẹ àti omi ì bá máa gbà. Nísinsin yìí, mímí wọn ti rẹlẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fi ṣe é."

Mùínàt kò pariwo. Ó kàn yíjú díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti ọmọ rẹ̀ lára ògiri.

"Yusrah. O mọ̀?"

Orí ibùsùn ni ìró ti wá. Tàjùdéèn ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì lè gbéra díẹ̀, ó ń fi ìka méjì lu ibùsùn, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Yusrah sún mọ́ ọn. Ó tún fi ìka lu ibùsùn náà, ọmọ náà bá jókòó, ó gbé orí lé e láyà. Ìka méjèèjì gun orí ìjáàbù rẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta tú ikú ìyá rẹ̀ fún, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó sunkún, ẹkún oṣù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mùínàt kọjú sí ògbufọ̀. "Níbo lẹ wà ní oṣù kẹwàá?"

"Ilé ni mo wà, ma. Brockley níbí ni mò ń gbé." Ojú obìnrin náà wálẹ̀. "Wọn ò pè mí."

Dókítà béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyáàfin Àìná sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Dókítà tún wo kọ̀ǹpútà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ̀rọ̀ kúkúrú. "Wọ́n ní ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé ẹ ò nílò ògbufọ̀," ni Ìyáàfin Àìná wí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ààwẹ̀ parí nígbà tí Tàjùdéèn kú. Ààfáà Habeebullah ló fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìrun lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò sì já geere.

Oṣù kẹfà ni ìwé dé láti ọsibítù, ní àárín ìdánwò Yusrah. Ààfáà ló ti bá wọn kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́, èsì nìyí. Mùínàt já a, ó wo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó kún ojú ewé méjèèjì, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Kà á fún mi. Má yọ nǹkankan."

Yusrah kà á, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ní àwọn bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn ti yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ wò. Wọ́n ní dókítà ṣàlàyé àìsàn náà fún Daddy dáadáa ní oṣù kẹwàá, ẹbí rẹ̀ kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ló bá wọn túmọ̀. Wọ́n ní..." Ó ṣí ojú ewé kejì. "Wọ́n ní Daddy gbọ́ ọ yé, ó sì fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ kọ rọ́bà yẹn. Wọ́n ní àwọn ò rí ohun tí àwọn ṣe tí kò tọ́."

"Ẹbí rẹ̀ kan." Mùínàt tún un sọ. "Wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹbí yẹn síbẹ̀?"

"Rárá, Mummy."

"Kí ni wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀ yẹn?"

Yusrah tẹ̀ sún mọ́ ìwé. "Wọ́n ní tí a bá ń fẹ́ ìwé yìí ní èdè mìíràn, ká pe nọ́ńbà yìí."

Mùínàt gba ìwé náà padà. Ó tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé e lórí ìwé. Nígbà tí Yusrah fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kejì sókè pé kó jókòó. Wọ́n gbé e níbi tí wọ́n wà.

"Yorùbá ni mò ń sọ," ni Mùínàt wí, ó ń sọ ọ́ ketekete. "Yoruba. Ẹ lọ wá ẹni tó gbọ́ ọ. Màá dúró."

Ohùn obìnrin kan jáde nínú fóònù náà, ohùn pẹ̀lẹ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, Yusrah sì gbọ́ ọ yékéyéké níbi tó jókòó sí: ṣé kò sí ọmọ kankan nínú ilé tó lè bá màmá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni?